Ta Ló Lè Ra Géèmù Tuntun? Ìtàn Owó Eré Láti Ìdí Ayò Dé PlayStation



Ìwó ni àwa méjì tí a kọ àròkọ yìí ti ṣe kékeré. Nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ogún náírà ni a fi ń gbá bọ́ọ̀lù kan ní ilé géèmù àdúgbò wa. Tẹlifíṣọ̀n méjì, PlayStation 2 méjì, bẹ́ǹṣì onígi kan, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń pariwo lẹ́yìn ilé: gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fìdí rẹmi ni yóò sanwó, ẹni tó bá borí yóò jókòó de ẹlòmíràn. Kò sí ọ̀kankan nínú wa tó ra géèmù rí. Kò tilẹ̀ wá sí wa lọ́kàn pé èèyàn ń ra géèmù.

Ní ọdún tó kọjá, ọ̀kan nínú wa ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ kó lè ra géèmù bọ́ọ̀lù tuntun, ojúlówó, èyí tí yóò jẹ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ tó wo iye rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ńṣe ló rọra pa fóònù rẹ̀. Dọ́là àádọ́rin ni wọ́n kọ síbẹ̀. Tí a bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ibẹ̀ ni ìbéèrè òní ti wá: ṣé iye tí wọ́n ń ta géèmù tuntun tọ́ sí ẹni tí kì í ṣe olówó? A kò fẹ́ fi ìbínú dáhùn. Ìtàn ni a fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí eré kò ti ẹnikẹ́ni síta

Kí géèmù orí tẹlifíṣọ̀n tó dé, ayò wà. Ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó lówó lè ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ ọpọ́n tó rẹwà fún òun. Ẹni tí kò lówó lè gbẹ́ ihò sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Ayò kan náà ni àwọn méjèèjì ń ta. Ọpọ́n olówó kò sọ òpè di ọ̀ta, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó pagbo láti wòran kì í san kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn: owó lè ra ọpọ́n tó dára, ṣùgbọ́n kò lé tálákà kúrò nídìí ayò.

Géèmù dé, a sì wá ọgbọ́n sí i

Ní 1983 ni Nintendo gbé ẹ̀rọ Famicom jáde ní Japan. Èyí tó wọ ilé àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1990 kì í sábà jẹ́ ti Nintendo fúnra rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe ní Taiwan àti Ṣáínà, tí wọ́n fara jọ Famicom, ló kún ọjà. Géèmù tó pọ̀ ló máa ń wà nínú páálí kan ṣoṣo. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ra ọ̀kan wálé lọ́dún Iléyá tàbí Kérésìmesì, gbogbo ọmọ àdúgbò ni yóò di ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni PlayStation dé. Sony kọ́kọ́ tà á ní Japan ní oṣù Kejìlá 1994. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà ní 1995, $299 ni. PlayStation 2 tẹ̀ lé e ní 2000, ó sì di ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n tà jù lọ láyé, tó lé ní mílíọ̀nù 155. Púpọ̀ nínú àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wa jẹ́ tọ́kùnbọ̀. Síìdì tí a ń fi sínú rẹ̀ ńkọ́? Àdàkọ ni. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ máa ń tú PlayStation, wọ́n á tún inú rẹ̀ ṣe kó lè ka síìdì àdàkọ, àwọn oníṣòwò yóò sì ra síìdì wọ̀nyí láti ọjà bí Alábà ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó.

Ẹ má ṣe jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ bò: àdàkọ kò bófin mu, ẹni tó fi òógùn ojú ṣe géèmù náà kò sì rí kọ́bọ̀ gbà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá ń sunkún, à máa ríran. Kò sí ilé ìtajà kan ní Ìwó nígbà náà tó ń ta ojúlówó. Ká tilẹ̀ ní ó wà, ta ni yóò rà á?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò

Iye dọ́là nìkan kò lè sọ fún wa bóyá nǹkan wọ́n. Iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ló yẹ ká fi wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà fọwọ́ sí ṣe òṣùwọ̀n.

Ní 2000, owó oṣù náà jẹ́ ₦5,500. Dọ́là kan tó nǹkan bí ₦100. Géèmù PlayStation 2 tuntun jẹ́ $50 ní Amẹ́ríkà, ìyẹn bí ₦5,000. Owó oṣù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sórí géèmù kan ṣoṣo.

Ní 2011, owó oṣù di ₦18,000. Dọ́là kan tó nǹkan bí ₦155, géèmù sì ti di $60. Ìyẹn jẹ́ ₦9,300, nǹkan bí ìdajì owó oṣù. Ó ṣì wọ́n, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ṣí díẹ̀.

Ní 2019, owó oṣù di ₦30,000. Dọ́là kan ti tó nǹkan bí ₦360 lọ́jà. Géèmù $60 di ₦21,600, ó lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta owó oṣù.

Ní oṣù Keje 2024, owó oṣù di ₦70,000. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Báǹkì Àpapọ̀ ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà ní oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan ti gòkè dé nǹkan bí ₦1,500. Géèmù tuntun náà ti di $70. Iye rẹ̀ wá jẹ́ ₦105,000, ìyẹn owó oṣù kan àti ààbọ̀. Tí a bá ka ọjọ́ iṣẹ́ méjìlélógún sí oṣù kan, ẹni náà yóò ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, láì jẹun, láì wọkọ̀, láì san owó ilé, kó tó ra géèmù kan. Ẹ sì rántí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìwó, bí àgbẹ̀, ọlọ́kadà àti ọmọ iṣẹ́, kò sí nínú ìwé owó oṣù ìjọba rárá.

Ní Amẹ́ríkà, owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ tí òfin ìjọba àpapọ̀ wọn fọwọ́ sí jẹ́ $7.25 fún wákàtí kan láti 2009. Ẹni tó ń gba iye yẹn lè ra géèmù $70 pẹ̀lú iṣẹ́ tí kò tó wákàtí mẹ́wàá. Òun ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan àti díẹ̀, tiwa ṣe iṣẹ́ oṣù kan àti ààbọ̀. Iye kan náà ni wọ́n kọ sára géèmù náà. Ṣé iye kan náà wá ni?

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ẹnì kejì

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn tó ń ṣe géèmù náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Láti 2000 sí 2020, géèmù kúrò ní $50 dé $70, ṣùgbọ́n láàárín ogún ọdún yẹn, iye ọjà lápapọ̀ ní Amẹ́ríkà gòkè bí ìdajì. Lójú ará Amẹ́ríkà, géèmù kò wọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn sì lè fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí géèmù ńlá kan. Kì í ṣe àwọn náà ló sì ba náírà jẹ́. Ọwọ́ àwọn tó ń darí ọrọ̀ ajé wa ló yẹ ká ti béèrè ìyẹn.

Wọ́n tún lè sọ pé bí àwọn bá dín iye kù fún wa, àwọn ará ibòmíràn yóò dọ́gbọ́n rà á ní iye tiwa. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Iye géèmù lórí Steam kéré gan-an ní Argentina àti Turkey, àwọn ará òkèèrè sì ń díbọ́n bí ẹni tó ń gbé níbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2023, Steam yí iye àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì sí dọ́là.

A gbà pé òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Síbẹ̀, Steam ní iye ní rándì fún South Africa, ó ní iye ní rúpì fún India, kò ní ti náírà. PlayStation Network kò ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣí sílẹ̀ fún, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń ṣí àkáǹtì bí ẹni pé Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń gbé. Ní 2022, nígbà tí ọ̀pọ̀ báǹkì wa dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí $20 lóṣù, ẹni tó tilẹ̀ ní owó lọ́wọ́ kò rí ọ̀nà san án. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, wọ́n tún gbé àpótí tí ì bá fi gun un kúrò.

Ohun tí ilé géèmù ṣe fún wa

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ ti fiyè sí ọ̀rọ̀ wa jù. Kò sí ìgbà kankan nínú ìtàn yìí tí géèmù tuntun rọ ọmọ Ìwó lọ́rùn láti rà. Ilé géèmù ló tún iye náà ṣe. Ẹnìkan ra ẹ̀rọ, ó ra síìdì, ó sì pín iye rẹ̀ sí ogún náírà ogún náírà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ. Nígbà tí PlayStation 4 dé lẹ́yìn 2013, tí àdàkọ kò rọrùn lórí rẹ̀ mọ́, onílé géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í ra síìdì ojúlówó, bó tilẹ̀ jẹ́ tọ́kùnbọ̀. Bó bá sú u, ó lè fi ṣe pàṣípààrọ̀. Síìdì ojúlówó kan ń sin àdúgbò kan, ẹni tó ṣe géèmù náà sì ti gba owó rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tà á. Ìdí ayò ni wọ́n tún gbé kalẹ̀ yẹn, tó kàn jẹ́ pé iná mànàmáná ló ń lò.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni pé síìdì ń parẹ́. Láti 2020 ni Sony ti ń ta irú PlayStation 5 kan tí kò ní ojú síìdì rárá. Géèmù tí o bá rà sórí àkáǹtì rẹ, o kò lè tà á, o kò lè fi ṣe pàṣípààrọ̀, o kò sì lè yá ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́wọ́ lọ sílé. Bí síìdì bá lọ tán, ọgbọ́n tí àwọn tálákà fi ń pín iye géèmù láàárín ara wọn yóò bá a lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀fẹ́ wà. Lóòótọ́, Konami sọ géèmù bọ́ọ̀lù rẹ̀ di eFootball ní 2021, kò sì gba owó kí o tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n dátà ni ìwọ yóò fi gbé e sórí fóònù, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ta agbábọ́ọ̀lù fún ọ. Ní ìdí ayò, kò sẹ́ni tó ń ta ọmọ ayò tó lágbára ju ti ẹlòmíràn lọ.

Kí ló wá tọ́?

Ìdáhùn wa nìyí: iye géèmù tuntun kò tọ́ sí wa. Kì í ṣe nítorí pé $70 pọ̀ jù fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ohun tí kò tọ́ ni kí wọ́n fi òṣùwọ̀n kan wọn iṣẹ́ ọjọ́ kan àti iṣẹ́ oṣù kan àti ààbọ̀, kí wọ́n sì ní ó dọ́gba. Ó ṣeé ṣe láti ṣe é lọ́nà mìíràn. Nígbà tí Spotify wọ Nàìjíríà ní oṣù Kejì 2021, ₦900 lóṣù ló gbà, nígbà tí ó ń gba $9.99 ní Amẹ́ríkà. Ìyẹn kò tó ìdá mẹ́ta iye tọ̀hún. Bí olórin bá lè ní iye ní náírà, kí ló dé tí géèmù kò lè ní?

Ẹ má sì rò pé ariwo kì í ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹfà 2013, Microsoft yí ètò tí ì bá ṣòro fún títa àti yíyá síìdì Xbox One padà nígbà tí àwọn oníbàárà kọ̀ jálẹ̀. Ní oṣù Keje 2025, ó tún dá The Outer Worlds 2 padà láti $80 sí $70 lẹ́yìn tí àwọn èèyàn bínú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ohùn tiwa ni kò tíì sí níbẹ̀.

Ilé géèmù àdúgbò wa ṣì wà. Igba náírà ni wọ́n ń gbà báyìí, PlayStation 4 ló sì wà lórí tábìlì. Nígbà tí a dé ibẹ̀ ní ìsinmi tó kọjá, ọmọdékùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nà wá méjèèjì. A sanwó, a sì dìde fún ẹni tó kàn. Ẹ̀yin ńkọ́? Eélòó ni ẹ ń san ní ilé géèmù ìlú tiyín, ṣé síìdì ṣì wà níbẹ̀?