Àbíkú: kí ló ń padà wá gan-an?

Láyé àtijọ́, ní Ara, ní Èjìgbò àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, bí ọmọ bá ń kú léraléra, wọ́n á ní àbíkú ni. Wọ́n á sọ èyí tó tẹ̀ lé e ní Málọmọ́.

Lọ́dún 1910, Dókítà James Herrick ní Chicago ṣàpèjúwe ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé. Lọ́dún 1949, James Neel fi hàn pé ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ SS ti ń jogún rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ SS. Ti àkọ́bí kò gba àbúrò sílẹ̀.

Gbogbo àbíkú kọ́ ni SS. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé, S ló ń padà wá, kì í ṣe ọmọ. Ẹ̀bi ìyá sì kọ́. Ẹ mọ genotype yín kí ìfẹ́ tó wọra.