Ẹ̀rọ Tí A Kò Ṣàlàyé: Ìfẹ́ àti Ẹ̀fẹ̀ nínú Fíìmù Safety Not Guaranteed àti Àwọn Ẹlẹgbẹ́ Rẹ̀

Lára àwọn ẹ̀yà fíìmù Amẹ́ríkà tí ó yẹ fún àtúpalẹ̀ ni eré ìfẹ́ aláwàdà tí ó ya ohun kan ṣoṣo lò láti inú ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì, ìyẹn ìtàn tí ó gùn lé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì láti ro ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin ń dọdẹ ọkàn ara wọn bí wọ́n ti máa ń ṣe nínú eré ìfẹ́ gbogbo, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ àràmàǹdà kan wà láàárín wọn, tí òǹkọ̀wé eré kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti sọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Safety Not Guaranteed, tí Derek Connolly kọ, tí Colin Trevorrow darí, tí ó sì jáde ní 2012, ni àpilẹ̀kọ yìí gbájú mọ́ jù, nítorí pé òun ni ó sọ àìṣàlàyé yẹn di ìdánwò fún àwọn olólùfẹ́.

Inú ìpolówó kékeré kan ni fíìmù náà ti ṣẹ̀. Ní 1997, John Silveira, ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé Backwoods Home Magazine, kọ ọ́ láti fi dí àlàfo tí ó ṣẹ́ kù nínú ìwé ìròyìn náà, ó sì ṣe é bí ẹni pé ọkùnrin kan ń wá ẹni tí yóò bá òun rìnrìn àjò padà sí àkókò tí ó ti kọjá. Ẹ̀fẹ̀ lásán ni. Ohun tí Connolly ṣe ni pé ó bèèrè bí ọ̀ràn yóò ti rí ká ní ẹni tí ó kọ ọ́ kò ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá, ìdáhùn rẹ̀ sì gba àmì-ẹ̀yẹ Waldo Salt fún ìkọ̀wé eré níbi àjọ̀dún Sundance lọ́dún 2012.

Jeff, akọ̀ròyìn kan ní Seattle, kó àwọn ọ̀dọ́ méjì tí ń kọ́ṣẹ́, Darius àti Arnau, lọ sí ìlú etí òkun kan láti ṣàwárí onípolówó náà kí wọ́n lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kenneth ni orúkọ rẹ̀, ilé ìtajà oúnjẹ ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì dá a lójú pé àwọn kan ń tọpa òun. Ẹni tí ó bá ń wo fíìmù náà á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i, títí yóò fi hàn pé òótọ́ ni wọ́n ń tọpa rẹ̀. Darius, tí Aubrey Plaza ṣe, díbọ́n bí ẹni tí ó fẹ́ bá a lọ, ṣùgbọ́n ikú ìyá rẹ̀, tí ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi lé lórí, mú kí ìdíbọ́n náà máa yí padà di ìfẹ́ tòótọ́ láti lọ. Kenneth ní òun fẹ́ padà sí 2001 láti gba Belinda, obìnrin tí ó fẹ́ràn nígbà náà, lọ́wọ́ ikú. Nígbà tí Darius wá bá Belinda láàyè, ẹ̀rí kan náà tí ó lè fi Kenneth hàn ní òpùrọ́ ni ó tún lè fi hàn pé ìrìn àjò náà ti yọrí sí rere. Níbí ni ọgbọ́n eré náà wà: irọ́ tí ó máa ń tú láàárín olólùfẹ́ nínú gbogbo eré ìfẹ́ ni ó bọ́ sínú ìbéèrè onísáyẹ́ǹsì, tí a kò sì lè yanjú ọ̀kan láìyanjú èkejì.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ fíìmù yìí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàlàyé. Groundhog Day (1993), tí Harold Ramis darí, kò sọ ìdí tí ọjọ́ kan fi ń tún ara rẹ̀ ṣe fún Phil, ẹni tí ìtàn rẹ̀ dá lé lórí. TiMER (2009), tí Jac Schaeffer kọ tí ó sì darí, fi agogo kan sí ọrùn ọwọ́ àwọn ènìyàn tí ń ka àkókò títí di ọjọ́ tí wọn yóò pàdé àyànmọ́ wọn, bí alárinà tí kò mọ ìdílé ẹnikẹ́ni. Ti Oona, obìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, kò ka ohunkóhun, nítorí pé ẹni tirẹ̀ kò tíì fi agogo sọ́wọ́. Nínú Eternal Sunshine of the Spotless Mind (2004), Joel àti Clementine, tí ilé-iṣẹ́ kan ti pa ara wọn rẹ́ kúrò nínú ìrántí wọn, gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú tí wọ́n ti sọ nípa ara wọn, síbẹ̀ wọ́n gbà láti tún bẹ̀rẹ̀. Palm Springs (2020) nìkan ni ó dà bí ẹni yapa, torí pé Sarah, tí òun àti Nyles há sínú ọjọ́ kan tí ń tún ara rẹ̀ ṣe, jókòó kọ́ físíìsì, ó sì kọ́kọ́ fi ewúrẹ́ dán ìmọ̀ rẹ̀ wò. Síbẹ̀, Nyles tẹ̀ lé e wọ inú ihò tí wọn yóò gbà jáde nínú ọjọ́ náà láìní ìdánilójú kankan.

Àwọn kan lè ṣàtakò pé bí ọkọ̀ ojú omi tí Kenneth gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ṣe pòórá ní ìparí Safety Not Guaranteed ba iyèméjì tí ó gbé eré náà ró jẹ́. Àtakò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó, nítorí pé Darius ti wọ ọkọ̀ náà kí ẹ̀rọ tó fi ohunkóhun hàn, fíìmù náà kò sì bá wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ohun tí a lè dá a lẹ́bi fún ni ìtàn Jeff, tí ó ń wá Liz, obìnrin tí ó fẹ́ nígbà èwe, ní ìlú kan náà. Òun náà ń rìnrìn àjò padà sẹ́yìn, láìní ẹ̀rọ. Liz kọ̀ láti tẹ̀ lé e lọ sí Seattle, fíìmù náà sì yára fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ó ti yẹ kí ó dúró pẹ́ jù lọ.