Ibo làwọn ọba wa wọlẹ̀ sí?

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí. Tẹ́ ẹ bá ti wo fíìmù Viking rí, ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ ojú omi sin àwọn èèyàn ńlá wọn. Òótọ́ wà níbẹ̀ o. Lọ́dún 1904, wọ́n wú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òkìtì kan ní Oseberg, ní Nọ́wè. Obìnrin méjì ni wọ́n sin sínú ẹ̀ lọ́dún 834.

2/ Àwa ńkọ́? Ní Ìjerò, Aramọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n, ọba kì í kú, ó ń wàjà ni. Àwọn Viking mọ òkìtì kí gbogbo ayé lè rí i. Tiwa, ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ ló wà.

3/ Ṣé ká kàn gbé ṣọ́bìrì ni? Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ ní Ifẹ̀. Ìtàn ní Ọ̀run Ọba Adó ni wọ́n ń sin orí àwọn ọba Bìní sí. Frank Willett gbẹ́ ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ó bá kòtò, kò bá orí kankan.

4/ Ní Igbo-Ukwu, ó yàtọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1938, Isaiah Anozie ń gbẹ́ kòtò omi sí ilé ẹ̀, ló bá kan idẹ. Ó pín díẹ̀ fáwọn aládùúgbò. Ó lé lógún ọdún kí Thurstan Shaw tó dé, kó sì rí ibojì èèyàn ńlá kan nítòsí: eyín erin, ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 100,000.

5/ Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ rèé: wọ́n ń wa kùsà ní Ìjerò. Idẹ ló ta Isaiah lólobó. Tó bá jẹ́ egungun nìkan ló wà nílẹ̀ ńkọ́?

6/ Lọ́dún 1959, Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá kú ní Ẹdẹ, Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n sin ín sí. Gbogbo ayé mọ ibẹ̀, wọ́n ń rọ́ lọ síbẹ̀. Ta ló máa gbé ṣọ́bìrì débẹ̀?

7/ Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni tú awo o. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, kẹ́ ẹ bi Bàbá léèrè ohun kan péré: "Ibo ni wọn ò gbọ́dọ̀ gbẹ́?" Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ká tó bi wọ́n lọ́la, ó lè ti pẹ́ jù.