Ọdún Mélòó Ni Fadá Fi Ń Kẹ́kọ̀ọ́?

Ẹ̀yin òbí wa lókè òkun, bí ọmọkùnrin yín bá wí fún yín pé iṣẹ́ fadá ni òun fẹ́ ṣe, kí ni ẹ óò kọ́kọ́ bi í? Ọ̀pọ̀ ìyá ni yóò béèrè ẹni tí yóò bí ọmọ-ọmọ fún òun. Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a tún mọ irú ẹ̀kọ́ tí wọn yóò kọ́ ọ.

Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ di àlùfáà kàn ń sin àlùfáà àgbà ni, bí ọmọ-iṣẹ́ ṣe ń sin ọ̀gá. Bí ọ̀gá kò bá mọ̀wé, níbo ni ọmọ-iṣẹ́ yóò ti mọ̀ ọ́n? Nítorí náà ni Ìgbìmọ̀ Trent fi pàṣẹ ní 1563 pé kí àwọn bíṣọ́ọ̀bù dá sẹ́mínárì sílẹ̀.

Ní Èkó tiwa, kò sí fadá kankan nígbà tí àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Brazil padà wá kọ́kọ́ tẹ̀dó. Ẹrú kan tó ti gba òmìnira, Padre Antonio, ló ń kó wọn jọ fún àdúrà, tó sì ń ṣèrìbọmi fún àwọn ọmọ wọn. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín jẹ: kì í ṣe àlùfáà, kò sì lè ṣe Máàsì. Síbẹ̀, nígbà tí Fadá Borghero, ọmọ ẹgbẹ́ SMA, bẹ Èkó wò ní 1863, ó bá ìjọ tó ti wà nílẹ̀. Ó dùn mí pé àwọn ọmọ wa kì í sábà gbọ́ orúkọ ọkùnrin yìí.

Bíṣọ́ọ̀bù de Marion Brésillac, tó dá SMA sílẹ̀ ní Lyon ní 1856, gbà pé ọmọ ìlú ló yẹ kó ṣe àlùfáà ìlú. Ó kú ní Freetown ní 1859, kò tíì lo oṣù méjì níbẹ̀. Èrò rẹ̀ ṣẹ, bó tilẹ̀ pẹ́. Anthony Olubunmi Okogie, ọmọ Èkó, kẹ́kọ̀ọ́ ní sẹ́mínárì Ìbàdàn àti ní Róòmù, ó di àlùfáà ní 1966, ó sì di kádínà ní 2003. Ní 1981, wọ́n dá CIWA sílẹ̀ ní Port Harcourt, kí fadá àti sístà lè gba oyè gíga nínú ẹ̀kọ́ ìsìn láìdé Yúróòpù.

Òfin Ìjọ ti 1983 kò gbà kí ẹ̀kọ́ àlùfáà dín ní ọdún 6: ọdún 2 fún ìmọ̀ ọgbọ́n-orí, ọdún 4 fún ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run. Oyè gíga kò sí nínú èyí o. Òfin náà tún pàṣẹ pé kí wọ́n múra ọmọ náà sílẹ̀ fún àìgbéyàwó, kí wọ́n má sì fi ìnira kankan nínú iṣẹ́ náà pamọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ tí ìyá ń sọ, wọn yóò bá ọmọ náà sọ ọ́ ní sẹ́mínárì pẹ̀lú. Bí ó bá sì rí i pé ọ̀nà náà kì í ṣe tirẹ̀, ó lè padà sílé nígbàkigbà kí wọ́n tó fi í jẹ díákónì.