Ẹ̀rí Agboolé àti Ẹ̀rí Ẹnì Kọ̀ọ̀kan: Ìtàn Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Mọ Ẹni Tí Ó Ń Tọrọ Fáìlì

1. Ìfáàrà

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọ pinpin rẹ̀ lónìí. Bí ènìyàn bá wá tọrọ ohun tí a fi pamọ́, ta ni ó yẹ kí ó jẹ́rìí rẹ̀: ilé tí ó ti wá ni, tàbí òun fúnra rẹ̀? Ìtàn kọ̀ǹpútà ni n ó fi dáhùn, ṣùgbọ́n Èjìgbò ni n ó ti gbéra, nítorí pé ìbéèrè náà kò ṣàjèjì níbẹ̀.

2. Ẹ̀rí agboolé

Ilé ni a ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Ní Èjìgbò, bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, agboolé ni a fi ń mọ ènìyàn. Bí baálé bá ti jẹ́rìí ọmọ ilé rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Nígbà tí àwọn ará Èjìgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòwò lọ sí Côte d'Ivoire láyé ìjọba Faransé, wọ́n gbé àṣà náà dání. Ẹni tí ó ti wà ní Abidjan ni ó ń gba ọmọ tuntun sílé, òun náà ni ó sì ń ṣe onídùúró rẹ̀.

Irú ẹ̀rí yìí gan-an ni ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà lò ní 1984, nígbà tí wọ́n ṣe ètò Network File System, tí a gé kúrú sí NFS. Ètò náà ń so àká fáìlì kọ̀ǹpútà kan mọ́ òmíràn, débi pé ẹni tí ó jókòó ti èkejì yóò máa lò ó bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n pe èyí tí fáìlì wà nínú rẹ̀ ní olùpamọ́, kí n sì pe èkejì ní olùtọrọ. Olùtọrọ kàn ń wí pé, "Oníṣẹ́ nọ́ńbà 210 ni ó ń béèrè." Bí orúkọ olùtọrọ bá ti wà nínú ìwé olùpamọ́, olùpamọ́ gbà bẹ́ẹ̀, kò béèrè ẹ̀rí mìíràn.

3. Ibi tí ẹ̀rí agboolé ti kùnà

Ètò yìí tó nígbà tí kọ̀ǹpútà kò pọ̀, tí alákòóso kan sì ń bójú tó gbogbo wọn. Nígbà tí ẹnikẹ́ni lè ra kọ̀ǹpútà, kí ó sì fi ara rẹ̀ ṣe baálé rẹ̀, ó lè pe ara rẹ̀ ní nọ́ńbà 210, kí ó sì ṣí fáìlì onífáìlì. Ará ilé ẹni tí ó ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Àléébù kejì farapẹ́ èyí. Nínú àwọn ètò mìíràn, orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ẹnì kan ni a fi ń so àká mọ́ kọ̀ǹpútà tí ènìyàn púpọ̀ jọ ń lò. Gbogbo wọn a di ẹnì kan náà lójú olùpamọ́. Bí fáìlì bá sọnù, ẹni tí ó fi orúkọ sílẹ̀ nìkan ni ìwé yóò dárúkọ.

4. Ẹ̀rí ẹnì kọ̀ọ̀kan

Ní 1978, Roger Needham àti Michael Schroeder ti kọ ìwé lórí bí alárinà tí tọ̀tún tòsì fọkàn tán ṣe lè fi olùtọrọ han olùpamọ́. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni wọ́n kọ́ Kerberos, nínú iṣẹ́ Athena tí ó bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì MIT ní 1983. Oníkálùkù yóò kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ han alárinà; alárinà yóò fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì tí ó ní àsìkò tí yóò kú; tíkẹ́ẹ̀tì yìí ni yóò mú tọ olùpamọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ̀ kò rìn lójú ọ̀nà rárá. Ní 1997 ni a tẹ ìlànà tí NFS lè fi gbé irú ẹ̀rí yìí jáde. Nígbà tí ẹ̀dà kẹrin NFS dé ní 2000, ó di dandan kí gbogbo ẹni tí ó bá ń ṣe é pèsè ààyè fún Kerberos, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò di dandan kí a lò ó.

Láti ìgbà náà, kọ̀ǹpútà lè fi ẹ̀rí tirẹ̀ so àká mọ́ra lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ kò lè fi ti ẹlòmíràn wọlé. Ó ní ìnira tirẹ̀: aago àwọn kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ bára mu, iṣẹ́ tí ó ń lọ lóru nígbà tí olówó rẹ̀ ti sùn lè dúró bí tíkẹ́ẹ̀tì bá kú.

5. Ìkádìí

Kí ni èyí kàn wá? A dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 2006, ọgbà rẹ̀ sì wà ní ìlú mẹ́fà. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó bọ́ sí Èjìgbò. Bí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bá ń fi èsì ìdánwò pamọ́ sí ìlú kan, tí a sì ń kà á ní ìlú mìíràn, tí máàkì ọmọ ẹni sì yí padà, ìdáhùn wo ni yóò tẹ́ òbí lọ́rùn? "Kọ̀ǹpútà Èjìgbò ni ó ṣe é" kò tó. Orúkọ ẹni tí ó ṣe é ni a ń béèrè, kí a má baà fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan jẹ odindi ọ́fíìsì níyà.

Síbẹ̀, idà olójú méjì ni ẹ̀rí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ìwé pé kí ọmọ ẹgbẹ́ máa wọ ilẹ̀ ara wọn láìgba físà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Òfin 1990 ní Côte d'Ivoire mú kí oníkálùkù àjèjì, títí kan ọmọ Èjìgbò, ní káàdì ìgbélùú tí a ń sanwó fún. Ẹ̀rí onídùúró kò tó mọ́. Ọdún 2007 ni wọ́n tó mú un kúrò lọ́rùn àwọn ọmọ ECOWAS. Káàdì tí ó yẹ kí ó sọ ẹni tí ènìyàn jẹ́ ti di owó ibodè.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí: kí oníkálùkù jẹ́rìí ara rẹ̀, kí ọwọ́ alárinà tí ó ń pín ẹ̀rí sì mọ́. Bí alárinà bá ṣe ojúsàájú, ẹ̀rí agboolé tí a pa tì yóò tún máa wù wá.