Ọ̀mọlé àti Ayàwòrán-Ilé: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Demas Nwoko ní Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó wà ní èdè wa fún àwọn tí iṣẹ́ ilé jẹ́ iṣẹ́ wọn. Èkíní ni ọ̀mọlé, ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ po amọ̀, tí ń fi ọwọ́ mọ ògiri ní ìpele ìpele títí ilé yóò fi dúró. Èkejì ni ayàwòrán-ilé, ẹni tí ń fi pẹ́ńsù àti rúlà ya ilé sórí bébà kí ẹlòmíràn tó lọ kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní ti wà lẹ́nu àwọn baba wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Èkejì, ẹ̀yìn tí ọ́fíìsì àti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òyìnbó dé ni a ṣẹ̀dá rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ ọkùnrin kan tí ó ṣòro láti fi sí abẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú orúkọ méjèèjì. Demas Nwoko ni ọkùnrin náà. Àbá tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé ohun tí ó kọ gẹ́gẹ́ bí lámèyítọ́ àti ilé tí ó kọ́ jẹ́ àríyànjiyàn kan náà, àti pé àríyànjiyàn yìí kan àwọn ìlú wa ju bí àwọn òpìtàn iṣẹ́ ọnà ti rò lọ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ta wá lára. Ní agbo ilé wa ní Ọ̀tan Ayégbajú, ilé méjì ni ó dojú kọ ara wọn. Ọ̀kan jẹ́ ilé alámọ̀ tí baba àgbà wa mọ, tí ó ní àgbàlá láàárín, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì yí àgbàlá náà ká. Èkejì jẹ́ ilé búlọ́ọ̀kù tí àbúrò baba wa kọ́ nígbà tí owó dé sí i lọ́wọ́. Láti Èkó ni pláànù rẹ̀ ti wá. Bí oòrùn bá kan àtàrí, gbogbo àwọn tí ń gbé inú ilé búlọ́ọ̀kù a kó ẹní, wọn a sì sọdá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àmọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Síbẹ̀, bí àlejò bá dé, inú ilé búlọ́ọ̀kù ni wọn yóò mú un wọ̀. Ilé tí ara fẹ́ yàtọ̀ sí ilé tí ojú fẹ́. Àgbàlagbà kan tí ó ti ṣe iṣẹ́ ọ̀mọlé rí sọ fún wa pé òun kò ní ọmọṣẹ́ kankan; àwọn tí ì bá kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ òun ti di bíríkìlà. Ìbéèrè tí ó bí àpilẹ̀kọ yìí nìyẹn: ǹjẹ́ ẹnì kan wà tí ó gbìyànjú láti so ilé tí ara fẹ́ àti ilé tí ojú fẹ́ pọ̀ ṣọ̀kan?

A bí Nwoko ní 1935 ní Idumuje-Ugboko, ìlú kan láàárín àwọn Ìgbò tí wọ́n wà ní ìwọ̀ oòrùn odò Ọya. Ọba ìlú náà ni baba rẹ̀. Ààfin ni ó ti ṣí ojú sáyé. Iṣẹ́ ilé ni ó kọ́kọ́ ní lọ́kàn láti kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé yíya ìlà lásán ni ó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ náà, ó yà sí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ní Zaria, níbi tí ó wà láti 1957 sí 1961. Níbẹ̀ ni òun àti Uche Okeke, Bruce Onobrakpeya, Yusuf Grillo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti dá Ẹgbẹ́ Ọnà Zaria sílẹ̀ ní 1958. Ohun tí ẹgbẹ́ náà ń sọ kò ṣòroó yé: kí akẹ́kọ̀ọ́ gba ìmọ̀ tí òyìnbó mú wá, ṣùgbọ́n kí ó fi ojú ti inú ilé yan èyí tí yóò lò. Lẹ́yìn náà ni Nwoko lọ sí Parísì fún ọdún kan láti kọ́ nípa ṣíṣe ojú ìtàgé lọ́ṣọ̀ọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í ka ẹ̀kọ́ ìtàgé yìí sí ohun pàtàkì nínú ìtàn ẹni tí ń kọ́ ilé. Ní tiwa, a rò pé ibẹ̀ gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Ó wà lára àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1961, pẹ̀lú Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, Christopher Okigbo àti àwọn mìíràn. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé orúkọ ilé ni mbari fúnra rẹ̀ ní èdè Ìgbò: ilé alámọ̀ tí àwọn ará agbègbè Owerri máa ń mọ fún Ala, òrìṣà ilẹ̀, tí wọ́n sì máa ń fi ère amọ̀ kún inú rẹ̀. (Nígbà tí orúkọ náà dé Òṣogbo ní 1962, àwọn ará ibẹ̀ yí i padà sí Mbari Mbayọ̀, bí ẹni pé Yorùbá ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.) Ní 1963, nígbà tí Nwoko ti di ọ̀kan lára àwọn olùkọ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Eré Oníṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn, òun ni ó ṣe ojú ìtàgé fún Lánkẹ́ Ọ̀mùtí tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé jáde láti inú ìwé Amos Tutùọlá. Ẹni tí ó bá ní láti fi pákó, aṣọ àti iná sọ pèpéle kékeré kan di igbó, kí ó tún sọ ọ́ di ìlú àwọn òkú lójú àwọn òǹwòran, ti kọ́ ohun kan tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán-ilé kì í sáábà kọ́ni. Ó ti kọ́ bí ènìyàn ti ń rìn wọ inú ibi kan, ohun tí ojú rẹ̀ ń kọ́kọ́ rí, àti ibi tí ìmọ́lẹ̀ yẹ kí ó ti wá kí ọkàn tó lè dákẹ́.

Ìmọ̀ yìí ni ó hàn gbangba nínú ilé ìsìn tí ó kọ́ fún àwọn àlùfáà Dominican ní Ìbàdàn ní nǹkan bí 1970. Ilé gogoro kan ga sókè lórí pẹpẹ, láti ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tí ó jókòó rí ojú fèrèsé tí ó gbà wọlé. Iṣẹ́ irin, igi gbígbẹ́ àti àga inú rẹ̀, Nwoko ni ó fi ọkàn ara rẹ̀ ṣe ètò gbogbo wọn. Àwọn òpó onígi tí a gbẹ́ yóò rán ọmọ Ìgbómìnà létí òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò sọ pé àdàkọ ni wọ́n. Ohun tí ó yẹ kí a tẹnu mọ́ ni ọ̀nà tí ó gbà ṣiṣẹ́. Ojú ibi tí ilé ń gòkè ni ó ń wà, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Àtúnṣe tí ojú bá rí i pé ó yẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí ọ̀mọlé ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ní àkókò kan náà gan-an ni òfin orílẹ̀-èdè yìí ń pààlà sáàárín ọ̀nà méjèèjì. Ní 1969 ni ìjọba ológun ṣe òfin ìforúkọsílẹ̀ àwọn ayàwòrán-ilé, tí ó fi orúkọ náà mọ sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ní ìwé ẹ̀rí tí òfin fọwọ́ sí. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu òfin náà, nítorí ilé tí ó wó pa ènìyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ rí ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: Nwoko, tí kò gba oyè iṣẹ́ ilé ní yunifásítì kankan, bọ́ sí apá kan náà pẹ̀lú àgbàlagbà ọ̀mọlé wa ní Ọ̀tan. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń pè é ní ‘oníṣẹ́ ọnà tí ó tún ń kọ́lé’. Ìpè yìí, ní èrò tiwa, ń fi ojú kéré iṣẹ́ rẹ̀.

Kí a baà lè mọ ohun tí ó ń bá jà, ẹ jẹ́ kí a wo Yunifásítì Ìbàdàn fúnra rẹ̀, tí Maxwell Fry àti aya rẹ̀ Jane Drew ya pláànù àwọn ilé rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn méjèèjì ronú púpọ̀ lórí oòrùn àti afẹ́fẹ́. Ògiri oníhò tí wọ́n lò ń mú kí ara tu ènìyàn títí di òní. Bákan náà ni Arieh Sharon, ọmọ Ísírẹ́lì, ṣe ní Ifẹ̀, níbi tí àjà òkè ti yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ kí ó lè ṣíji bò ó. Ọgbọ́n ni ọgbọ́n wọn. Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ ni wọ́n bi léèrè. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n bi ọ̀mọlé. Nwoko bi àwọn méjèèjì. Ó po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀, ó fi ṣe búlọ́ọ̀kù, ó sì fi àwọ̀ ilẹ̀ náà sílẹ̀ láìrẹ́ ẹ. Nínú ilé rẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, ooru ń gba òkè jáde, àgbàlá tí òjò ń rọ̀ sí sì tún padà sí àárín ilé. Ẹni tí ó bá ti sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé alámọ̀ rí kò nílò àlàyé.

Iṣẹ́ lámèyítọ́ rẹ̀ bá èyí mu wẹ́kú. Láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Òkè Mókọ́lá ní Ìbàdàn, tí ó pè ní New Culture, ni ó ti gbé ìwé ìròyìn kan tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà jáde ní 1978 àti 1979. Eré, àwòrán, ilé, ẹ̀kọ́ ọmọdé, gbogbo rẹ̀ ni ìwé náà ń yẹ̀ wò. Ohun tí ó ń tẹnu mọ́ ni pé àwọn tí wọ́n kàwé ti kọ́ láti tijú ohun tí ọwọ́ wọn lè ṣe, kí wọ́n sì máa ra èyí tí ọwọ́ ẹlòmíràn ṣe. Orílẹ̀-èdè yìí ń náwó epo rọ̀bì nígbà náà bí ẹni pé kò ní tán. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ amọ̀ láàárín irú ariwo bẹ́ẹ̀ kò lè rí etí púpọ̀. Ìwé ìròyìn náà kò pẹ́ tí ó fi dáwọ́ dúró.

Níbí ni a ti ní ẹ̀dùn ọkàn kan láti sọ nípa Nwoko, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a bọ̀wọ̀ fún un. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ gbogbo èyí. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù, àwọn ọ̀mọlé àti àwọn onílé tí wọ́n ń ronú bóyá kí wọ́n wó ilé amọ̀, kò lè kà á. Wọ́n ń gbèjà amọ̀ níbi tí alámọ̀ kò sí. A lè sọ pé ilé tí ó kọ́ ń sọ̀rọ̀ fún un láìlo èdè kankan, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ilé ìsìn kan ní Ìbàdàn jìnnà sí ẹni tí ń ra páànù ní Ọ̀tan.

Kì í ṣe òun nìkan ni ó rí ewu náà. Zbigniew Dmochowski, ọmọ ilẹ̀ Pólándì, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wọn àwọn ilé ìbílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, láti inú iṣẹ́ rẹ̀ sì ni a ti rí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó kún fún ilé ní Jos. Ó kú ní 1982. Ní 1990 ni ìdìpọ̀ ìwé rẹ̀ mẹ́ta jáde. Nígbà FESTAC ní 1977, David Aradeon, ayàwòrán-ilé àti olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó, ṣe ètò ìpàtẹ kan lórí ọgbọ́n ìkọ́lé ilẹ̀ Áfíríkà. Iṣẹ́ ribiribi ni iṣẹ́ àwọn méjèèjì, a sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ìpàtẹ a máa pa ìrísí ilé mọ́. Kì í lè pa ọwọ́ tí ó mọ ọ́n mọ́. Nwoko nìkan nínú àwọn mẹ́ta ni ó fún ọwọ́ náà ní iṣẹ́ tuntun láti ṣe.

Ní oṣù Èbìbí 2023, ní Venice ní ilẹ̀ Ítálì, wọ́n fún un ní Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ilé tí gbogbo àgbáyé ń wò. Lesley Lokko, ọmọ Gánà àti Scotland, ni olùṣètò ìpàtẹ ọdún náà. Òun ni ó dábàá orúkọ Nwoko. Àfiyèsí kan wà níbẹ̀ fún òpìtàn. Ayàwòrán-ilé ni Lokko, òǹkọ̀wé ìtàn-àròsọ sì tún ni, nítorí náà kò ṣàjèjì sí i pé kí ẹnì kan máa ṣe iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀. Ó pé ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún kí ó tó gba ẹ̀bùn náà, ní ìlú tí ó jìnnà sí ti Nwoko, fún ilé tí ó ti wà ní Ìbàdàn fún àádọ́ta ọdún.

Nígbà tí a padà sí Ọ̀tan lẹ́yìn ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yìí, a bi àgbàlagbà ọ̀mọlé náà nípa irú ilẹ̀ tí ó dára fún ògiri, bí a ti ń dá a mọ̀, àti ìgbà tí ó yẹ kí ìpele kan ti gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ẹni tí ó bi òun ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́. Ó bu ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó ta omi sí i, ó rọ́ ọ láàárín ìka, ó sì ní kí a fi ọwọ́ kàn án. Ojú ewé mẹ́rin ni ìdáhùn rẹ̀ gbà nínú ìwé àkọsílẹ̀ wa. A kò tí ì rí àwọn ọ̀rọ̀ tí ó lò fún oríṣiríṣi ilẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan tí ó wà lọ́wọ́ wa, a sì bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí wọ́n wá láti ìlú mìíràn pé kí wọ́n bi àwọn àgbà tiwọn.