Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Ìṣirò Iná, láti Akosombo dé Sàkẹ́tẹ́

Ní Ìgòlò, níbi tí ẹrù Nàìjíríà àti ẹrù Àjàṣẹ́ ti ń pàdé, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ọ̀nà kan dí mọ́ a máa gba òmíràn. Iná mànàmáná kò rí bẹ́ẹ̀. A kò lè pàṣẹ fún un pé kí ó gba wáyà yìí, kí ó fi tọ̀hún sílẹ̀. Gbogbo wáyà tí ó so kọ́ra ni ó ń pín ara rẹ̀ sí, èyí tí ó bá sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni yóò gba púpọ̀ jù. Nítorí èyí ni ìṣirò fi di dandan. Oríṣi méjì ni ìṣirò náà, èkejì sì ti inú èkíní jáde.

Èkíní ni ìṣirò ìṣàn iná. Ohun tí ó ń béèrè ni pé: bí ibùdó kọ̀ọ̀kan bá pèsè iye báyìí, tí ìlú kọ̀ọ̀kan sì lo iye báyìí, iná mélòó ni yóò gba orí wáyà kọ̀ọ̀kan, báwo ni agbára rẹ̀ yóò sì ti rí nígbà tí ó bá délé? Ní ọdún 1956, Ward àti Hale fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Ní 1967, Tinney àti Hart fi ọ̀nà Newton mú un yá kánkán. Ìṣirò yìí ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Kì í yan ohunkóhun.

Yíyàn ni iṣẹ́ èkejì. Ní 1962, Jacques Carpentier, ará Faransé, béèrè pé: nínú gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà pín iṣẹ́ fún àwọn ibùdó iná, èwo ni ìnáwó rẹ̀ kéré jù, láìjẹ́ pé wáyà kan ru ju agbára rẹ̀ lọ? Ó fi ìṣirò ìṣàn sínú ìbéèrè náà bí òfin tí a kò gbọdọ̀ rú. Yíyàn tí kò bá pa òfin yìí mọ́, àlá lásán ni. Ní 1968, Dommel àti Tinney fi hàn bí a ti lè ṣe ìṣirò ìṣàn, kí a tún ìpín ṣe díẹ̀, kí a sì tún ìṣàn ṣírò, títí tí kò fi ní sí èrè mọ́.

Ní 1968 kan náà ni Dàhòmẹ̀ àti Tógò dá Communauté Électrique du Bénin sílẹ̀. Láti 1972 ni iná Akosombo ti ń ti Gánà dé Lómé àti Kútọ̀nú. Ìsédò Nangbéto, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 65, dara pọ̀ ní 1987. Nígbà tí ọ̀dá mú omi Akosombo fà ní 1998, òkùnkùn bo ìlú. Ìṣirò kìíní lè sọ ibi tí òkùnkùn náà yóò dé. Èkejì kò rí nǹkan púpọ̀ yàn, nítorí ẹni tí orísun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹyọ kan kò ní ohun tí yóò yàn.

Ní 2007, wáyà 330 kV ti Ìkẹjà dé Sàkẹ́tẹ́, ní ìtòsí Ìfọ̀nyìn wa. Ọ̀nà kejì ṣí. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, a kò so ìhà méjèèjì pọ̀: apá kan ń jẹ lọ́wọ́ Nàìjíríà, apá kejì lọ́wọ́ Gánà, a sì ní láti ṣírò ìṣàn wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Sísọ wọn di ọ̀kan jẹ́ ara iṣẹ́ àjọ EEEOA, tí CEDEAO dá sílẹ̀, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Kútọ̀nú.

Bí yíyàn ti ń gbòòrò, ìbéèrè mìíràn yọ. Òfin ìṣàn kò mọ ojú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń kọ ohun tí ìṣirò kejì yóò máa lépa. Bí iná kò bá tó, tí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òkùnkùn ìlú kékeré kò náni ní púpọ̀, ìlú kékeré ni ìṣirò náà yóò kọ́kọ́ pa iná rẹ̀, kò sì ní rú òfin kankan. Ìdí nìyí tí a fi ń rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé kí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ yìí dójú àmì, kí ẹni tí ó mọ Ìgòlò lè wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń kọ iye tí òkùnkùn Ìgòlò jẹ́.